Ẹ̀wù Òtútù fún Ògiri

Lọ́jọ́ tí Bàbá Káfíńtà kọ́kọ́ wọ ilé náà, èémí ẹnu rẹ̀ ń rú bí èéfín sìgá, bẹ́ẹ̀ inú pálọ̀ ló wà. Oṣù Kejì ọdún 1979 ni. Yìnyín ṣì wà lójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì gbọn-in. Ìyá arúgbó tó nilé wọ súwẹ́tà méjì, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, ó jókòó ti iná èédú. Ó ní kí Káfíńtà àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ wá wo nǹkan kan. Ó tan àbẹ́là, ó gbé e sún mọ́ ògiri ìhà àríwá, ọwọ́ iná náà sì tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ wọn bí ọmọ tó ń kí àgbà. Fèrèsé kankan ò ṣí. Inú ògiri gan-an ni atẹ́gùn ti ń wá.

Kò tíì sẹ́ni tó ń pè é ní Bàbá nígbà yẹn. Ọmọ ọdún 26 ni, Bùrọ̀dá Káfíńtà ni wọ́n ń pè é ní Peckham, ní London, níbi tó ń gbé. Ọ̀ṣogbo ni wọ́n bí i sí, aláró ni ìyá rẹ̀, ó sì ti kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà yanjú kó tó wọ bàálù wá sí London lọ́dún 1975 láti kàwé nípa ilé kíkọ́. Alẹ́ ló ń kàwé. Lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọńtírákítọ̀ kan, òyìnbó ará Essex, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹnu ọmọ Ọ̀ṣogbo ò gbà á. Ẹni tó tó bàbá ẹni, ṣé bí ẹgbẹ́ ẹni la ó ṣe máa pè é? Ọ̀gá ló ń pè é. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó yòókù náà fi ń ké "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" láti orí àkàbà, tí ọkùnrin náà sì ń dá wọn lóhùn.

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà náà lè má mọ bí ọ̀rọ̀ òtútù ṣe di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Nígbà tí ogun Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1973, kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì fi di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn awakùsà èédú náà ń bá ìjọba fà á. Láti oṣù Kìíní títí wọ oṣù Kẹta 1974, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ilẹ̀ Britain lè lo iná mànàmáná. Patrick Jenkin, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, rọ aráàlú pé kí wọ́n máa fọ eyín wọn nínú òkùnkùn. Ẹ̀rín ni gbogbo ìlú fi í rín, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ẹ̀rù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Epo kan náà ló ń rọ̀jò owó sí Nàìjíríà. Nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údojì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, àwọn ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ń ra fíríìjì àti ẹ̀rọ akọrin l'Ọ́ṣogbo. Òun, ọmọ ilẹ̀ elépo, ló wá ń gbé garawa kẹrosíìnì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Peckham láti fi dáná sítóòfù nínú yàrá kan ṣoṣo, tí omi ń ṣàn lára fèrèsé ní gbogbo òwúrọ̀ bí ẹni pé yàrá náà ń sunkún. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi náà ti ń wá. Ì bá bi í.

Nígbà tó fi máa di 1978, ilé aṣòfin ti ṣe òfin Homes Insulation Act, tó ń fún onílé lówó ìrànwọ́ láti tẹ́ òwú onígíláàsì sí àjà. Gíláàsì ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n sì ń ran bí òwú. Ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ó sì ń yún-ni bíi wèrèpè. Òfin ilé kíkọ́ náà ń le sí i. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1965 gbà kí ògiri ilé tuntun jẹ́ kí ooru 1.7 wọ́ọ̀tì sá jáde lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, bí inú ilé bá fi dígírì kan móoru ju òde lọ. Ti 1976 fà á wálẹ̀ sí 1.0. Òfin yìí ò kan ilé tó ti wà láti ayébáyé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti wọ àwọn kọ́lékọ́lé lórí. Gbogbo ihò tí wọ́n bá ti rí, òwú ni wọ́n fẹ́ kì sí i.

Abúlé tí ilé ìyá yìí wà kò jìnnà sí Lavenham, ní Suffolk. Káfíńtà ò tíì gbọ́ orúkọ ìlú náà rí, àfi ìgbà tí Ọ̀gá wa ọkọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá: ilé onígi jọ̀ọ̀rọ̀jọọrọ, òmíràn fara ti ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni tó mu ọtí yó, àwọn kan kùn ní àwọ̀ òféfèé, àwọn kan ní osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà ló mú un kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ìlú aláró ni Lavenham náà! Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, aṣọ búlúù tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó lówó jù ní England. Ewé woad ni wọ́n ń rẹ fún aró wọn, èròjà tó sì ń pa aṣọ láró nínú ewé yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹlú. Owó àgùntàn ló kọ́ Guildhall tó wà lójú ọjà wọn, ní nǹkan bí 1530. Nígbà tó yá, òwò aṣọ bàjẹ́. Owó tán. Kò sẹ́ni tó rówó wó ilé igi kó fi bíríkì kọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni òṣì ṣe bá wọn ṣọ́ àwọn ilé náà di òní.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣí ògiri àríwá. Bébà ògiri kọ́kọ́ bọ́, ìpele mẹ́fà, òdòdó lórí òdòdó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pílásítà láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun nínú ìléru. Wọ́n ti po irun ẹran mọ́ ọn kó má baà sán. Lẹ́yìn ìyẹn, amọ̀.

Káfíńtà dúró. Láàárín òpó óákù méjì tí kò ju ìwọ̀n apá kan síra wọn, wọ́n ti gbé ọ̀pá tín-ín-rín dúró, wọ́n fi ẹ̀ka igi hazel hun ún wọnú ara wọn bí ẹni hun agbọ̀n, wọ́n wá lẹ amọ̀ mọ́ ọn lójú àti lẹ́yìn. Ó ya díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́. Koríko gígékúrú wà nínú rẹ̀, ó ṣì pọ́n yòò bí èyí tí wọ́n kórè lánàá. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ìgbẹ́ màálù wà nínú ẹ̀ o," Ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀, sà."

Ilẹ̀ yàrá ìyá ìyá rẹ̀ l'Ọ́ṣogbo, ẹlẹ́bọ́tọ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Ó dì mọ́lẹ̀, kì í ru eruku, bó bá sì gbẹ tán, kì í rùn. Ohun tó ṣe é ní kàyéfì ni pé òyìnbó náà mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn amọ̀ náà, níbi tí ojú ò ti lè tó o láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n, ipa ìka mẹ́rin wà níbẹ̀ ketekete, ibi tí ẹnì kan ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Mẹ́ta bá a mu. Ọmọńdinrín rẹ̀ nìkan ló gùn jù.

Lára ojúpọ̀ àwọn igi náà ó rí ọnà tí wọ́n fi ṣóńṣó irin fín: I, II, III, IIII. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, kò sí ẹni tó ní láti là á yé e. Ilẹ̀ ni wọ́n ti gé gbogbo férémù náà, tí wọ́n ti tò ó pọ̀, tí wọ́n fi nọ́ńbà sàmì sí ojú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá tú u, wọ́n gbé e wá síbi ilẹ̀ náà, wọ́n sì tún un tò bó ṣe wà. Ìṣó kan ò sí níbẹ̀. Èèkàn óákù ló dì í mú. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìtì gbọọrọ kan tí wọ́n tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ bíríkì, òun ni ẹsẹ̀ gbogbo òpó wọ̀ sí. Ìtì yẹn, kí òǹkàwé fi sọ́kàn.

Bàrò mọ́kànlá ni amọ̀ tí wọ́n kó dànù lọ́jọ́ náà. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ti mẹ́fà nínú rẹ̀ lọ sí ìdí ọgbà. Wọ́n ki òwú onígíláàsì sáàárín òpó títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n ta ọ̀rá fífẹ̀ bò ó lójú, wọ́n kan pákó pílásítà mọ́ ọn. Lóde, Ọ̀gá ní kí wọ́n kan wáyà mọ́ igi, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, kí atẹ́gùn má rí ọ̀nà gbà mọ́. Káfíńtà bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé bí omi bá wọ ibẹ̀ ńkọ́.

"Omi wo? Sìmẹ́ńtì la fi rẹ́ ẹ."

Ọ̀dọ́ ò lè bá àgbà jiyàn nílẹ̀ àjèjì, pàápàá nígbà tí àgbà náà ló ń san owó ọ̀sẹ̀. Àti pé, ká sọ òótọ́, òun náà gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá náà tan àbẹ́là rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ọwọ́ iná náà nà ró ṣánṣán. Ó pàtẹ́wọ́. Ó gbé kéèkì fún wọn.

Àbí ta ni kò ní pàtẹ́wọ́?

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní oṣù Kìíní 1987, òtútù kan jà ní ìlà-oòrùn England tí àwọn tó ṣojú rẹ̀ ṣì ń sọ títí di ìsinsìnyí. Yìnyín sé ọ̀nà àwọn abúlé Suffolk pa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yọ́ tán, ìyá náà tẹ Káfíńtà láago. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, Káfíńtà ti dá dúró. Ìyá ní pákó ìdí ògiri òun ti já bọ́ fúnra rẹ̀, yàrá sì ń rùn bí olú.

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó fi sìkírùdíráfà gún ìtì ìsàlẹ̀. Óákù ni o, igi tí ìṣó ń tẹ̀ sí lára. Irin náà wọlé dé ìdí èèkù bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí gún iṣu sísè. Kò dún rárá. Nígbà tó ya pákó pílásítà, òwú tó wà lókè ti wálẹ̀ jọ sísàlẹ̀, ó dúdú, ó wú fún omi, òkè ògiri sì ṣófo. Ẹsẹ̀ òpó mẹ́rin ti jẹrà. Kòkòrò death-watch ti wọ̀ ọ́, èyí tó máa ń kan orí mọ́ igi lóru, tí àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn nígbà àtijọ́ fi ń rò pé ikú ló ń kan ilẹ̀kùn. Óákù tó ti rin, tí olú ti ń jẹ, ni oúnjẹ tirẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é," ìyá dá a lóhùn. "Ìwọ lo padà wá."

Báwo ni omi ṣe wọ ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí? Ọ̀nà méjì. Óákù kì í sùn. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Sìmẹ́ńtì ò lè bá a jó, nítorí náà ó sán lẹ́bàá gbogbo òpó, sísán tó fẹ́lẹ́ bí irun, òjò sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Amọ̀ àti láìmù ì bá ti fa omi náà mu, kí wọ́n sì dá a padà fún afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì gbà á wọlé, kò jẹ́ kó jáde. Ọ̀nà kejì ni ti inú ilé. Ẹ gbé ìgò mínírà láti inú fíríìjì sórí tábìlì, ẹ ó rí i tó ń làágùn. Omi inú ìgò kọ́, omi inú afẹ́fẹ́ tó bá ara tútù pàdé ni. Èémí èèyàn, kẹ́tùlù tó ń hó, aṣọ tó ń gbẹ lẹ́bàá iná, gbogbo wọn ló ń da omi sínú afẹ́fẹ́. Lítà kẹrosíìnì kan tí a bá sun, ó ń tú nǹkan bíi lítà omi kan sílẹ̀: ohun tó ń sunkún lára fèrèsé Peckham nìyẹn. Afẹ́fẹ́ olómi yìí ń yọ́ gba ihò ìṣó àti etí ọ̀rá wọnú òwú, ó ń lọ títí yóò fi kan ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì tó tutù bíi yìnyín. Ibẹ̀ ló ti ń làágùn. Lóru, lóru, fún ọdún mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ sì ń kán sórí ìtì ìsàlẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ dé etígbọ̀ọ́ ìgbìmọ̀ ìlú. Ilé náà wà nínú ìwé ìjọba, ìpele Grade II, òfin tó sì ti wà láti 1968 ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí ìrísí irú ilé bẹ́ẹ̀ padà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ní 1979 wọn ò gbà á. Ọ̀gá ní ohun tó wà nínú ògiri ò kan ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí wọ́n rán wá wo ìtì náà, ó wo Káfíńtà, ó mí kanlẹ̀. Kò kọ̀wé ẹ̀sùn. Ó kọ orúkọ SPAB lé e lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877 láti gba àwọn ilé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún wọn ṣe. Káfíńtà ka ìdí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì í.

Wọ́n fi jáàkì gbé ògiri, wọ́n gé ìtì tó jẹrà, wọ́n fi óákù tuntun rọ́pò rẹ̀, orí rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n gé dídà kí ọ̀kan lè gùn lé èkejì. Sìmẹ́ńtì òde, òòlù àti ṣísẹ́lì ni wọ́n fi ń hú u, díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ń já igi dání. Nígbà tó kan amọ̀, etí ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti wà á. Oko kan nítòsí fún wọn ní koríko bálì àti ẹlẹ́bọ́tọ ọ̀fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ipswich kan, fọwọ́ dí imú, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Káfíńtà wọ bùútù róbà, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ pò ó, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ Ipswich náà ti wà nínú amọ̀ dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá tán, Káfíńtà fi ìka mẹ́rin tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ògiri náà yè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín: kò gbóná. Àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé amọ̀ nìkan tó. Kò tó. Ògiri amọ̀ àti igi tí kò nípọn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ kò lè dá òtútù Suffolk dúró, àwọn tó kọ́ ọ náà sì mọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta aṣọ alárànbarà sára ògiri nígbà náà. Ìyá padà sínú súwẹ́tà méjì. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni àwọn nǹkan tí kò níyì: irun àgùntàn tí Káfíńtà lọ́ bí okùn, tó kì sí gbogbo àlàfo láàárín òpó àti amọ̀, àti kọ́tìnì tó nípọn lẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ́là dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún 2013 ni wọ́n ṣe ẹ̀kẹta. Ìyá ti kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ibẹ̀, Káfíńtà sì ti di Bàbá, ó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ọjà ti yí padà. Pákó onífọ́nrán igi ti ń wọlé láti Jámánì, òwú onírun àgùntàn náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó lè fa ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ láìdi ẹlẹ́rẹ̀. SPAB ti gbé ẹ̀rọ ìwọn ooru lọ síbi àwọn ògiri àtijọ́, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe dáadáa ju bí ìṣirò inú ìwé ṣe sọ lọ.

Obìnrin náà fẹ́ pákó tó nípọn mìlímítà 100. Bàbá Káfíńtà ní 40 tó. Ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn àpò ìwé kan. Ká ní 2.5 wọ́ọ̀tì ló ń sá jáde gba ògiri bó ṣe wà. Mìlímítà 40 yóò fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.7. Bó bá jẹ́ 100, yóò di 0.34. Ogójì àkọ́kọ́ ti gba iṣẹ́ ṣe tán. Ọgọ́ta tó kù, èrè kékeré ni, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀wù inú bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ògiri òde yóò ṣe tutù tó, tí kò ní tètè gbẹ mọ́. Òpó óákù gan-an wà níbẹ̀, igi sì ń jẹ́ kí ooru kọjá ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju òwú lọ. Ẹni tó bá ń ki òwú sáàárín wọn nìkan, ńṣe ló wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n. Obìnrin náà wo àpò ìwé náà títí. Ó gbà.

Wọ́n fi láìmù lẹ pákó náà mọ́ amọ̀ 1987 láìfi àlàfo sílẹ̀, wọ́n fi láìmù rẹ́ ẹ lójú. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀. Nísàlẹ̀, lára pákó ìdí ògiri, Bàbá Káfíńtà gé ilẹ̀kùn kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi ìdè bàbà méjì dè é. Ìtì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, ó máa ń tẹ obìnrin náà láago láti Peckham. Obìnrin náà á kúnlẹ̀, á tú ìdè méjèèjì, á gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, á wá fi èèkù sìkírùdíráfà kan igi. Bàbá Káfíńtà á dákẹ́, á tẹ́tí. Kọ́, kọ́, kọ́.